Ẹjọ́ Celia Ẹrúbìnrin: Ta Ni Òfin Ń Pè Ní Obìnrin?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1855, nínú ilé-ẹjọ́ kan ní ìlú Fulton, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò kan gbé ọ̀rọ̀ kan ka iwájú adájọ́ tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé. Òfin Missouri sọ pé ọ̀ràn ńlá ni kí ẹnikẹ́ni fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ bá obìnrin yòówù lòpọ̀. Ǹjẹ́ ẹrúbìnrin jẹ́ obìnrin, tàbí kì í ṣe obìnrin? Bí adájọ́ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin tí a ń bá ṣẹjọ́ bọ́ lọ́wọ́ okùn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ohun tí yóò gbà á sílẹ̀.

Celia ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Kò ní orúkọ bàbá, nítorí pé òfin kò ka bàbá mọ́ ẹrú lọ́rùn. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó pa olówó rẹ̀, Robert Newsom, ní òru ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1855. Kò sí àríyànjiyàn pé òun ni ó pa á. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ohun tí ó mú kí ẹjọ́ náà yẹ ní kíkà fún àwa tí a wà láyé lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìtàn òwò ẹrú bí ẹni pé ọjà ni gbogbo rẹ̀ parí sí, ni ìdí tí ó fi pa á, àti ọ̀nà tí òfin gbà di etí rẹ̀ sí ìdí náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí olóògbé náà jẹ́. Newsom kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn olówó ńlá ìhà gúúsù tí wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú nínú oko òwú. Àgbẹ̀ ni. Láti Virginia ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣí wá sí agbègbè Callaway, nígbà tí Missouri ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìpínlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ tálákà òyìnbó ti ń ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn láti wá ilẹ̀. Iṣẹ́ sì mú un jẹ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1850, ó ti ní 800 éékà ilẹ̀ lẹ́bàá odò, ó ní ẹṣin, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn, ó sì ní ẹrúkùnrin márùn-ún, àgbà àti ọmọdé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń gbó, àwọn aládùúgbò sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1849. Ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà.

Bí ẹni bá jẹ́ àgbẹ̀ tí ó rí já jẹ, tí ìyàwó rẹ̀ kú, a ó retí pé kí ó wá ìyàwó mìíràn láàárín àwọn opó àdúgbò. Newsom kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1850, ó gba agbègbè Audrain tí ó múlé tì wọ́n lọ, ó sì ra Celia níbẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ni Celia nígbà náà. Ọmọbìnrin Newsom méjì wà nínú ilé: Virginia, tí ó ti lọ́kọ rí tí ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ bàbá, àti Mary, tí kò tíì lọ́kọ, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti Celia rárá. Lójú ayé, a lè sọ pé tìtorí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ni bàbá ṣe ra ọmọ ọ̀dọ̀, kí ó lè máa bá wọn dáná, kí ó máa bá wọn fọṣọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ní agbègbè náà, tí ó sì dé etí ilé-ẹjọ́ lẹ́yìn náà, ni pé ojú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ilé ni Newsom ti kọ́kọ́ fi ipá bá a lòpọ̀.

Ó kọ́ ilé kan fún un tí ó dá dúró nínú ọgbà, tí kò jìnnà sí ilé ńlá. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ní ààrò ńlá. Àwọn ẹrúkùnrin kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ yóò sọ pé ojúrere ni. Fún ọdún márùn-ún, bàbá arúgbó náà ń gba ojú ọ̀nà yẹn lọ sí ilé bíríkì náà nígbà tí ó bá wù ú. Celia bí ọmọ méjì. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Newsom.

Níhìn-ín ni kí ẹ ti ṣe àkíyèsí òfin kan. Láti ọdún 1662 ni ilẹ̀ Virginia ti ṣe é ní òfin pé ipò ìyá ni ọmọ yóò tẹ̀ lé: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, ẹni yòówù kí ó bí i. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń lo ẹrú gba òfin náà káàkiri. Àwa Yorùbá tí ọmọ ń jẹ́ ti bàbá lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe àjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe kedere. Ọkùnrin tí ó bá fi ipá bá ẹrúbìnrin rẹ̀ lòpọ̀ kò jẹ̀bi; bí ọmọ bá sì ti inú rẹ̀ wá, ohun-ìní olówó pọ̀ sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ náà di èrè. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara nìkan ni ẹrú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní tòótọ́, àwọ̀ ni ó sọ ẹni tí a lè kó lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ẹrúkùnrin George, tí ó ń gbé inú ọgbà kan náà, tí àwọ̀ wọn jọra, tí àti òun àti Celia jẹ́ ti olówó kan ṣoṣo, kò ru irú ẹrù tí Celia ń rù. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń gbà lára George. Lára Celia, wọ́n ń gba iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń gba ara rẹ̀, wọ́n sì ń gba ọmọ inú rẹ̀.

George yìí ni Celia fẹ́ràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1855, Celia lóyún, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bóyá oyún George ni tàbí ti Newsom. Láti oṣù Kejì ni ara rẹ̀ kò ti yá. Nígbà náà ni George bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ní gbangba: kí ó jáwọ́ lọ́dọ̀ bàbá arúgbó náà, tàbí kí òun kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá George láre. Ọkùnrin ni, wọ́n á ní. Ojú kò ní ṣàìpọ́n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe. Kò lè kojú Newsom, nítorí pé ẹrú tí ó bá kojú olówó rẹ̀ yóò kú tàbí kí wọ́n tà á lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Nítorí náà, ó yí ojú ìbínú rẹ̀ sí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré sí tirẹ̀, ó sì ní kí ó lọ kọ ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ̀.

Celia gbìyànjú ọ̀nà àlàáfíà. Ó lọ bá àwọn ará ilé ńlá. Ó ní ara òun kò yá, kí wọ́n bá òun bẹ bàbá kí ó fi òun sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ní bí kò bá fi òun sílẹ̀ òun yóò ṣe é léṣe. A kò rí i nínú àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni dá sí i. Àwọn obìnrin méjì ni wọ́n wà nínú ilé yẹn tí wọ́n ń rí bàbá wọn bí ó ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Kí ni ó di wọ́n lẹ́nu? Lójú tèmi, kì í ṣe ìkà nìkan. Abẹ́ òrùlé bàbá ni àwọn náà wà. Kò sí obìnrin tí ó ń dìbò ní Missouri nígbà náà, kò sí èyí tí ó lè jókòó pẹ̀lú àwọn tí ń dá ẹjọ́, opó tàbí wúńdíá tí bàbá rẹ̀ bá sì lé jáde yóò di alágbe. Àwọn náà mọ ohun tí ó jẹ́ láti jẹ́ obìnrin ní ilé ọkùnrin. Ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn fún wọn ní àga láti jókòó lé, wọn kò sì fẹ́ dìde kúrò lórí àga náà nítorí ẹrú.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, Celia sọ fún Newsom pé kí ó má wá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Newsom ní òun ń bọ̀. Celia wá igi kan tí ó tóbi, ó gbé e sí ìkángun ilé. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó fi igi náà lù ú lórí. Nígbà tí ó tún na ọwọ́ láti dì í mú, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Newsom kú. Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò dùn ún sọ. Gbogbo òru ni Celia fi sun òkú náà nínú ààrò ilé bíríkì yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, eérú àti egungun díẹ̀ ni ó kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó pe ọmọ Virginia kékeré kan, ọmọ-ọmọ Newsom, ó ní kí ó bá òun kó eérú ààrò dà nù, òun yóò fún un ní èso wọ́nọ́ọ̀tì. Ọmọdé náà kó o. Òun kò mọ̀ pé bàbá ìyá òun ni òun ń kó.

Kì í ṣe nítorí àtidá ìbẹ̀rù sílẹ̀ ni mo ṣe sọ èyí. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tẹ ẹnu mọ́ ọn ní kóòtù, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbọ́ nípa eérú yóò gbàgbé ọdún márùn-ún tí ó ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá Newsom tì, aládùúgbò kan tí ń jẹ́ William Powell mú George sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń bi í léèrè. Ẹ̀rù ba George. Ó ní ibi tí òun gbà pé ọ̀gá rìn kẹ́yìn ni ojú ọ̀nà tí ó lọ sí ilé Celia. Báyìí ni ọkùnrin tí ó ní kí Celia jáwọ́ ṣe tọ́ka sí i. Powell àti àwọn yòókù lọ bá Celia nínú ilé ìdáná. Ó sẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò gba àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sẹ́. Wọ́n ní okùn wà nílẹ̀ fún un. Nígbẹ̀yìn, ó ní bí wọ́n bá lè ní kí àwọn ọmọkùnrin Newsom bọ́ síta, òun yóò sọ òtítọ́. Ó sì sọ ọ́. Wọ́n rí bọ́tìnì àti egungun nínú eérú.

Èmi kò lè kọjá ibí yìí láìsọ irú àkókò tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òṣèlú ni yóò yé jù. Ọdún 1855 kì í ṣe ọdún ìdákẹ́rọ́rọ́ ní Missouri. Ilẹ̀ Kansas wà ní ààlà wọn ní ìwọ̀-oòrùn, òfin ọdún 1854 sì ti sọ pé kí àwọn olùgbé Kansas fi ìbò pinnu bóyá ẹrú yóò wà níbẹ̀ tàbí kò ní sí. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 1855, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin láti Missouri, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, sọdá lọ dìbò ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn tí ó tọ́ láti dìbò ní Kansas nígbà náà jẹ́ 2,905. Ìbò tí wọ́n kà lé ní 6,000. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní ibùdó ìdìbò rí, ẹ kò nílò kí n ṣe àlàyé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, adájọ́ tí yóò sọ pé ẹrúbìnrin ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ kò ní sùn nílé rẹ̀ ní àlàáfíà.

Adájọ́ náà ni William Augustus Hall. Ìhà àríwá, ní ìpínlẹ̀ Maine, ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí Celia kò ní agbẹjọ́rò, tí kò sì ní kọ́bọ̀ tí yóò fi gbà á, adájọ́ yan John Jameson fún un, ẹni tí ó ti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Jameson fúnra rẹ̀ ní ẹrú. Bóyá adájọ́ rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ẹjọ́ náà ní wọ̀ọ́rọ́wọ́, kí ayé lè rí i pé wọ́n fún ẹrú ní agbẹjọ́rò, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Bí èrò rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Jameson já a kulẹ̀. Òun àti àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n bá a ṣe é jà fún ọmọbìnrin náà bí ẹni pé ọmọ ọlọ́lá ni.

Òfin kò gbà kí ẹrú jẹ́rìí lòdì sí òyìnbó. Ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé bíríkì náà tí ó sì wà láàyè ni Celia. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì dì. Gbogbo ohun tí ilé-ẹjọ́ gbọ́ nípa ìyà rẹ̀, ẹnu àwọn ọkùnrin òyìnbó tí wọ́n bi í léèrè ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Powell jẹ́wọ́ pé Celia sọ fún òun pé òun kò fẹ́ pa á, pé òun kàn fẹ́ ṣe é léṣe kí ó lè fi òun sílẹ̀ ni. Jefferson Jones, tí ó lọ bá a sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, sọ pé láti ìgbà tí Newsom ti rà á ni ó ti ń bá a lòpọ̀. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ojú ọ̀nà ilé ni ó ti kọ́kọ́ fi ipá mú un, ó ní òun gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ìdánilójú sọ pé Celia fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún òun. Celia sì jókòó níbẹ̀ tí ó ń gbọ́. Ìbéèrè kan péré ni ó yẹ kí wọ́n yíjú bi í.

Nígbà tí ẹ̀rí parí, Jameson gbé ìwé lé adájọ́ lọ́wọ́, ó ní kí ó fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọkùnrin méjìlá tí yóò dá ẹjọ́. Àlàyé rẹ̀ lọ báyìí. Òfin Missouri ti ọdún 1845 sọ pé ọ̀ràn ni kí a fi ipá bá obìnrin yòówù lòpọ̀. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó bá pa ènìyàn níbi tí ó ti ń dènà ọ̀ràn ńlá tí ẹni náà fẹ́ ṣe sí i kò jẹ̀bi ìpànìyàn. Obìnrin yòówù, ní ti Jameson, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹrú wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn méjìlá náà bá gbà gbọ́ pé Newsom wá fi ipá bá Celia lòpọ̀ ní òru náà, kí wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí ọgbọ́n yìí ti jinlẹ̀ tó. Jameson kò sọ pé oko ẹrú burú. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó ṣàánú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣòfin fi ọwọ́ ara wọn kọ ni ó mú, ó sì ní kí wọ́n kà á bí ó ti wà. Bí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀, gbogbo olówó ẹrú ní Missouri ti di ẹni tí a lè ká mọ́ nínú ilé ẹrúbìnrin rẹ̀, ẹrúbìnrin náà sì ti di ẹni tí ó ni ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ọkùnrin mìíràn bá fi ipá bá ẹrúbìnrin ẹlòmíràn lòpọ̀ láyé ìgbà náà, olówó rẹ̀ ni òfin gbà láyè láti pe ẹjọ́, bí ẹni tí wọ́n wọ oko rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ta ni yóò wá pe ẹjọ́ nígbà tí ó jẹ́ pé olówó oko náà ni ó wọ oko? Ibi tí ihò wà nínú òfin nìyẹn, inú ihò náà ni Celia sì ti ń gbé fún ọdún márùn-ún.

Hall kọ̀. Kò gba àlàyé Jameson wọlé. Ohun tí ó fi ṣe ìtọ́sọ́nà ni pé bí Newsom bá tilẹ̀ wà nínú ilé Celia láti bá a lòpọ̀, èyí kò fún Celia láṣẹ láti lù ú.

Ta ni àwọn méjìlá tí ó gba ìtọ́sọ́nà náà? Ọkùnrin òyìnbó ni gbogbo wọn. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, baálé ilé bíi Newsom, tí wọ́n bá a ná ọjà kan náà. Àwọn kan nínú wọn ní ẹrú tiwọn. Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ti Fulton ju ìyẹn lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ olóògbé ni ó ń gbọ́ ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ olówó ńlá ni Newsom, bóyá ìlara díẹ̀ ìbá wà tí ìbá ran Celia lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì wọn ni. Olúkúlùkù wọn rí ara rẹ̀ tí ó ń gba ojú ọ̀nà ọgbà lọ ní òru. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, wọ́n ní ó jẹ̀bi ìpànìyàn. Adájọ́ ní kí wọ́n so ó kọ́ ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá.

Jameson gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Missouri, ṣùgbọ́n Hall kò gbà láti dá ìsokọ́ dúró títí ìdáhùn yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ náà sì ṣe bí àlá: ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn kan mú Celia jáde kúrò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Fulton, wọ́n fi í pamọ́ títí ọjọ́ ìsokọ́ fi kọjá, wọ́n sì dá a padà. Nínú ìlú tí wọ́n ní ó kórìíra rẹ̀ yìí ni àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti wá. Nígbà tí ó ti wà lẹ́wọ̀n náà ni ó bí ọmọ inú rẹ̀. Òkú ni ó bí i.

Ìdáhùn ilé-ẹjọ́ gíga dé ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni: àwọn ti wo ìwé ẹjọ́ náà, àwọn kò rí ìdí kan tí ó fi yẹ kí wọ́n dá ìsokọ́ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà ni William Scott, ẹni tí ó kọ ìdájọ́ ọdún 1852 tí ó sọ pé Dred Scott, ẹrú tí ó ti gbé ní ilẹ̀ òmìnira, ẹrú ni yóò máa jẹ́. (Ìjọra orúkọ lásán ni.) Gbogbo ayé ni ó mọ Dred Scott, nítorí pé ẹjọ́ rẹ̀ dé Washington ní ọdún 1857, ó sì wà lára ohun tí ó ti Amẹ́ríkà sínú ogun abẹ́lé. Ìpínlẹ̀ kan náà, ilé-ẹjọ́ kan náà, ọdún mẹ́ta péré láàárín. Ti ọkùnrin di ìtàn tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń kà, ti obìnrin wọ inú àpótí ìwé. Mo rò pé ìdí kan ni pé ohun tí Dred Scott béèrè, òmìnira, jẹ́ ohun tí àwọn òṣèlú ọkùnrin lè fi ṣe ìpolongo. Ohun tí Celia béèrè kò ṣeé sọ ní gbangba nígbà náà.

Wọ́n so Celia kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1855.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí yàrá ìkàwé. Ní ọdún 1847, Missouri ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ènìyàn dúdú ní ìwé kíkà tàbí kíkọ, ìbáà ṣe ẹrú, ìbáà ṣe òmìnira. Celia wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá nígbà tí òfin náà jáde. Òun kò fi ìlà kan sílẹ̀ fún wa. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n mú un, tí wọ́n dá a lẹ́bi, tí wọ́n sì so ó kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìjọba nílò àkọsílẹ̀ kí ó tó lè pa ènìyàn. Bí kò bá pa Newsom ni, a kò ní mọ̀ pé ó wà láyé rí. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. A kò mọ ìyá Celia. Ọ̀jọ̀gbọ́n Melton McLaurin ni ó tú ìwé ẹjọ́ náà yẹ̀wò, tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1991, kí orúkọ náà tó tún padà sí ẹnu àwọn ènìyàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Gómìnà Missouri, Mike Parson, fọwọ́ sí ìwé ìdáríjì fún Celia, nígbà tí ọdún 169 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí wọ́n so ó kọ́. Inú àwọn tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un dùn, ó sì yẹ kí inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n mo ní ìkùnsínú kan. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni à ń dárí jì. Jameson kò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì ní ọdún 1855. Ó ní obìnrin ni oníbàárà òun, pé òfin wà, pé kò jẹ̀bi. Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí wọ́n dáhùn. Ìwé ìdáríjì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Nínú ìwé ilé-ẹjọ́ Callaway, nọ́mbà ẹjọ́ náà ni 4496, orúkọ tí wọ́n sì kọ sí i ni Ìpínlẹ̀ Missouri àti Celia, Ẹrú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ ohun-ìní ogún Newsom nígbà tí wọ́n so ìyá wọn kọ́. Ọjọ́ 11, oṣù Kíní, ọdún 1865 ni Missouri tó fi òpin sí oko ẹrú.